Ìwé Ìsè Dọ́là Méjìlélógójì

Dọ́là méjìlélógójì, owó ìjọba kò tíì gorí i rẹ̀.
Mo gbé ìwé náà lọ́wọ́ ọ̀tún, mo gbé e lọ́wọ́ òsì,
ó wúwo bí ọmọ olóṣù mẹ́ta tó ti yó.
Ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ní Wínípẹ́ẹ̀gì, ọjọ́ Sátidé,
yìnyín ń yọ́ kúrò ní bàtà mi sórí kápẹ́ẹ̀tì wọn,
ọmọbìnrin ìdí káúńtà ń wò mí bí ẹni pé
màá jẹ ojú ewé kan kí n tó sanwó.

N kì í ra ìwé ìsè ní òjijì.
Màámi kò ní ọ̀kankan; ìka ló fi ń wọn iyọ̀,
etí ló fi ń mọ̀ pé epo ti gbóná.
Ṣùgbọ́n Ìbídùn ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn,
èmi ni mo ń dáná, èmi náà ni mo ń pe àlejò,
ìka mi ò sì gbọ́n tó ìka Màámi.

Mo ti kọ́kọ́ yá a ní ilé ìkàwé,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lórí tábìlì wa.
Mo wò ó bí bàbá ti ń wo ẹni tó wá tọrọ ọmọ rẹ̀:
n ò wo ojú, ọwọ́ rẹ̀ ni mo wò.

Ojú rẹ̀ kúkú dára. Ta ló ní kò dára?
Tábìlì gígùn, àbẹ́là mẹ́sàn-án,
aṣọ funfun tí ẹnikẹ́ni kò tíì da nǹkan sí.
Mo wá ọmọdé nínú gbogbo àwòrán náà, n ò rí.
Mo wá ẹnu tó ń jẹun, n ò rí.
Ilé ta nìyẹn?

Ojú ewé kẹtàlélógún ní kí n dín àlùbọ́sà
fún ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò pọ́n bí wúrà.
Mo dín in. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ń wò mí.
Mẹ́wàá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń làágùn.
Ó di ogójì kó tó pọ́n,
àwọn àlejò ti jẹ búrẹ́dì tán, wọ́n ti ń wo aago.
Ẹni tó lè purọ́ mọ́ àlùbọ́sà,
ta ni kò ní purọ́ mọ́?

Ó ní kí n fi ata díẹ̀ sí i, bó bá wù mí.
Bó bá wù mí!
Ó ní àlejò mẹ́fà ló yẹ tábìlì,
kí n kọ orúkọ wọn sórí páálí kéékèèké.
Mo pe mẹ́fà, mọ́kànlá dé,
ọ̀kan mú ìyá ọkọ ẹ̀ dání láti Brándọ̀n.
Ìwé náà kò sọ nǹkan kan nípa ìyá ọkọ.

Mo ti fẹ́ dá a padà
kí n tó ṣèèṣì ṣí ojú ewé igba ó lé mẹ́rin.
Kò sí àwòrán níbẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni:
Oúnjẹ tí à ń gbé lọ sílé ọ̀fọ̀.
Ó ní, má bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ, wọn ò mọ̀.
Ó ní, abọ́ tí wọn kò ní dá padà ni kí o fi gbé e.
Ó ní, má jókòó pẹ́. Jẹ́ kí iyọ̀ rẹ̀ tó,
ẹnu ẹni tó ń sunkún kì í tètè mọ adùn.
Àbàwọ́n bọ́tà kan wà ní igun ewé yẹn,
òun nìkan nínú gbogbo ìwé.
Ẹnìkan tí n ò mọ̀ ti sè é rí.

Mo rántí Halínà, ojúlé kẹta sí wa,
tí kò kí mi rí ju orí mímì lọ.
Ọjọ́ tí wọ́n pè mí láti Ìkirè pé Màámi ti papòdà,
n ò mọ ẹni tó sọ fún un,
ó wọ́ ẹsẹ̀ la yìnyín kọjá, ó kan ilẹ̀kùn,
ó gbé páànù onífóìlì lé mi lọ́wọ́:
ìrẹsì tí wọ́n fi ewé kábéèjì wé bí ọ̀lẹ̀lẹ̀.
Kò wọlé. Kò bèèrè orúkọ òkú.
Mo jẹ ẹ́ lóòró, ẹ̀wù òtútù ṣì wà lọ́rùn mi.
Iyọ̀ rẹ̀ tó.

Ọmọbìnrin náà bi mí bóyá mo fẹ́ báàgì.
Mo ní rárá, kó yá mi ní báírò.
Mo sanwó tán, mo ṣí ojú ewé kẹtàlélógún,
mo fa ìlà sí ìṣẹ́jú márùn-ún,
mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé irọ́ ni,
mo sì pa ìwé mi dé.