Lórí Tábìlì Rédíò

Ọdún méjì gbáko ni mo fi kó o jọ, ẹyọ kan, ẹyọ kan,
bí ẹyẹ ẹ̀gà ṣe ń já imọ̀ ọ̀pẹ lọ kọ́lé.
Àpótí irin ló kọ́kọ́ dé, tòun ti gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́;
màmá mi da aṣọ bò ó, ó gbé agolo gààrí lé e lórí,
oṣù mẹ́fà ló fi rù ú.
Lẹ́yìn náà ni fáànù mẹ́ta, nínú ọ̀rá dúdú.
Lẹ́yìn náà ni kádì, lọ́wọ́ Kúdírà ní Ìkẹjà.
Ó búra pé kì í ṣe àlòkù.
Mo rí eruku lábẹ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, mo dákẹ́:
owó tí mo mú dání náà, àlòkù ni.

Lálẹ́ Sátidé, mo nu tábìlì.
Àpá irin ìjórin ṣì wà lójú rẹ̀, dúdú, róbótó.
Ogójì ọdún ni bàbá mi fi tú ikùn rédíò níbẹ̀
fún àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, láti Ìdó títí dé Èbúté Mẹ́ta.
Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí. Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì,
ó ní òun ò wò, òun kàn ń tẹ́tí.

Kò síná. Àbúrò mi, Ìbídùnní, di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń tòògbé lóòró.
Mo fọwọ́ kan irin fèrèsé kí n tó mú ohunkóhun,
torí mànàmáná kékeré kan wà lára ènìyàn
tó lè pa ọpọlọ ẹ̀rọ láìjẹ́ kó gbin.
Ọpọlọ náà rèé, kò tó bísíkíìtì kan,
ẹsẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún,
ọ̀kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú ọmọ tuntun.
Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹyin ẹyẹlé. Mi ò tẹ̀ ẹ́.
Òun fúnra rẹ̀ ló wọlé.

Wọ́n ní kí ọ̀dà ìtutù má ju hóró ẹ̀wà kan lọ.
Ẹ̀wà wo? Olóyin ni, àbí pọ̀pọ̀ndó?
Mo fi ti pọ̀pọ̀ndó sí i, ó ya sẹ́gbẹ̀ẹ́,
mo fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì mi nù ún.

Ọkọ̀ ojú irin kọjá lẹ́yìn ilé.
Tábìlì gbọ̀n, síkúrúù gbọ̀n nínú ọmọrí,
ẹyọ kan fò bọ́ sílẹ̀. Mi ò gbọ́ ìró rẹ̀.
Bàbá mi ní, "Abẹ́ àga, lọ́wọ́ òsì."
Ibẹ̀ náà ló wà.

Mo so wáyà, pupa, dúdú, yẹ́lò,
mo kó wọn jọ sókè bí irun ṣùkú.
Kádì Kúdírà wuwo ju bí mo ṣe rò lọ;
ó wọlé, ó ró kẹ́, bí egungun tó padà sí oríkèé.

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n mú iná dé.
Mo tẹ bọ́tìnnì.
Fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí. Àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ aró, àwọ̀ osùn
tú sára ògiri. Ìbídùnní jí, ó lanu.
Ṣùgbọ́n sikirínì dúdú kirikiri.
Mo pa á, mo tún tàn án. Dúdú.
Mo yọ rámù, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo dá a padà. Dúdú.
Owó ọdún méjì jókòó síwájú mi,
ó ń tàn yanranyanran, kò sọ nǹkan kan.

Bàbá mi wúkọ́.
"Èyí tó ń kùn yìí, ó yè. Òkú kì í mí.
Ihò mélòó ló jọra wọn lẹ́yìn rẹ̀?"
Mo ní méjì: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, lára kádì.
"Èwo lo ki wáyà bọ̀?"
Tòkè.
Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó di ìdájí kí géèmù tó jókòó sínú rẹ̀ tán.
Òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ nínú sikirínì,
ní ìlú kan tí n kò dé rí;
omi ń dán lórí ọ̀dà títì, o lè ka ewé igi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.
Ìbídùnní ti sùn lọ. Bàbá mi dìde,
ó fi ọwọ́ gbígbọ̀n kan ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, níbi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́,
kò sì tètè gbé e kúrò.
"Ó dára," ó ní. "Ó dára gan-an.
Ibo ni wọ́n ti ń yí i sí ìròyìn aago méje?"