Ẹ Jẹ́ Kó Rin

Lóru àná ni wọ́n kú,
láàrin Ìsẹ́yìn sí Mọ́níyà, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.
Èsúnsún ló pọ̀ jù nínú wọn,
àwọn tó fi ìyẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo wá iná lọ.
Labalábá kan tẹ́ pẹrẹsẹ sórí nọ́ńbà.
Tata kan fi ẹsẹ̀ kọ́ etí iná iwájú
bí àlejò tó kanlẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi mọ́ bá a.

Aago méje ò tíì lù tí mọ́tò náà fi yà sọ́dọ̀ wa
lẹ́bàá omi Ẹlẹ́yẹlé,
mọ́tò aláwọ̀ aró, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán,
iwájú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí ilẹ̀gbóná bá jà.
Ẹni tó wà á sọ̀ kalẹ̀, kò kí wa,
kànìnkànìn onírin ló yọ lápò.
"Ẹ bá mi fi èyí ha á. Mò ń kánjú."

Bàbá Sùbérù fi ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ rẹ̀
bí a ti ń gba abẹ lọ́wọ́ ọmọdé,
ó jù ú sí ìyàwó rẹ̀ tí ń fọ abọ́.
Ó ní: Ìkòkò nìyẹn bá ṣọ̀rẹ́.
Èèpo kòkòrò le, ọ̀gá. Ẹ bá ha á ní gbígbẹ,
òun náà á ha ọ̀dà.
Omi inú rẹ̀ ń jẹ ọ̀dà, oòrùn ló sì fi ń ṣe ọbẹ̀;
bó bá dọ̀sán, àpá lẹ ó máa fọ̀.
Ẹ jẹ́ kó rin.

A ti mọ́tò sábẹ́ máńgòrò.
Mo gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì: ó ṣì gbóná bí agbada àkàrà.
A dúró kó tutù.
Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀,
àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi olówùú tó ti gbó dẹ̀dẹ̀,
mo rì í bọ omi, mo tẹ́ ẹ lé wọn lórí
jẹ́jẹ́, bí a ti ń daṣọ bo òkú.

Ọkùnrin náà jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.
Ìyàwó rẹ̀ bímọ l'Ádéọ̀yọ́ lọ́jọ́ Ajé,
òní ni wọn yóò fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa bọ̀ wálé.
Mọ́tò ńkọ́? Ó wo ilẹ̀.
"Ti bàbá ìyàwó mi ni."
Ẹ̀rín pa Bàbá Sùbérù títí ó fi wúkọ́.
Mọ́tò àna! Tòun ti kànìnkànìn onírin!

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ àpá.
Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àkísà mi já bọ́ sílẹ̀,
mo gbé e, mo gbọn ọ́n, mo sì fi nu Píjò Tíṣà Ọláòṣebìkan.
Iyanrìn wà nínú rẹ̀.
Tíṣà ò bú mi. Ó kàn fi ìka tọ àwọn òbìrìkítí náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Dòní, bí Píjò náà bá ń kọjá ní Mọ̀kọ́lá
tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá fi ẹ̀gbẹ́ kàn án,
àwọn òbìrìkítí yẹn ló ń kọ́kọ́ kí mi.

Mo ká aṣọ náà. Ìyẹ́ bá a wá láìjiyàn.
Èyí tó ṣorí kunkun, mo tún rin ín;
n kò fi èékánná kàn án, èékánná náà ọ̀bẹ ni.
Mo da omi láti òkè wá sísàlẹ̀,
mo fi ìnura nù ún, mo sì mú ìda.
Ìda o, kì í ṣe idà.
Oyin ló ṣe é: kòkòrò ló ń gba ọ̀dà
lọ́wọ́ kòkòrò.

Ọkùnrin náà tẹ̀ ba, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ó tún fìlà rẹ̀ dé.
Ó ti wọ títì kí n tó rí ẹsẹ̀ tata
tó ṣẹ́ kù sí etí iná.
N kò pè é padà.
Mo ní kí n fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi;
àwọn èèrà ti débẹ̀ ṣáájú mi,
wọ́n ń ru ìyẹ́ lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò kánjú.