Àmín Tó Pẹ́

Ní Èbúté Mẹ́tta, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ rélùwéè,
yàrá kan ṣoṣo, fèrèsé kan tó kọjú sí gọ́tà,
ibẹ̀ ni Bàbá Ṣódípẹ̀ ti ń wẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ láràárọ̀.
Ọdún kẹta nìyí tí apá ọ̀tún Àwẹ̀ró ti kú,
tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ tẹ̀lé e
bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ síléèwé.
“Orúkọ rẹ ni mò ń ṣe yìí,” bàbá á wí,
á rọra fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn rẹ̀.
“A wẹ̀ fún ọ, a ró aṣọ fún ọ. Kí ló kù?”
Ìyá á fi ìdajì ẹnu tó kù fún un rẹ́rìn-ín.

Owó ìfẹ̀yìntì kò wọlé, ó di oṣù mọ́kànlá.
Wòlíì kan wá láti Ìwáyà, bàtà rẹ̀ ń dán,
ó ti bú sẹ́kún kó tó jókòó.
Ó ní ìgbàgbọ́ bàbá ló kéré,
ó ní kó gbin irúgbìn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà,
ìyá yóò dìde kí ọ̀sẹ̀ ó tó parí.
Bàbá wò ó títí.
Ó na korobá sí i:
“Ẹ bá mi dà á sẹ́yìn, èèyàn Ọlọ́run.
Ìtọ̀ ni. Ẹ rọra, ó kún.”
Wòlíì rántí pé òun ní ìsọjí ní Ṣómólú.

Mo bá a lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru l’Óyìngbò.
Ọmọbìnrin kẹ́míìsì ṣi owó kà,
ó fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé ṣéńjì wa.
A ti dé ìdí afárá ká tó mọ̀.
Mo ní, “Ọlọ́run ló ṣe é, bàbá. Ṣebí ẹ gbàdúrà lánàá?”
Ó ní, “Ọlọ́run tí mo mọ̀ kì í ki ọwọ́ bọ àpò ọmọ ọlọ́mọ.
Owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò ti yọ ọ́.”
Oòrùn ń pa wá. A padà.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, gààrí la mu. Kò sí ṣúgà.

Ẹ má pè é ní ẹni mímọ́ o.
Ògiri wa kò nípọn, mo gbọ́ ọ lóru
tó ń bá Ọlọ́run jà bí ẹni ń bá onílé jà:
“Mo bínú sí Ọ! Ṣé O gbọ́? Mo bínú.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń gbálẹ̀ ilé Rẹ,
ẹsẹ̀ kan péré ni mo ní kí O bá mi wò.”
Ó dákẹ́. Ó fun imú.
Ó ní, “Jọ̀ọ́, má lọ.”

Ìyá kú lóṣù Òkúdù, omi gọ́tà dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.
Ní Àtàn, àlùfáà ní ká dúpẹ́, gbogbo wa ṣe àmín.
Bàbá pa ẹnu dé.
Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń mì.
Àwọn kan ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀: “Ó ti ṣubú.”

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, agogo kò tíì lù,
mo bá a nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́,
ó ń gbá abẹ́ àga tí ìyá máa ń jókòó sí
kó tó di pé ẹsẹ̀ kọ̀.
N kò mọ ohun tí ǹ bá sọ. Mo gbé ìkódọ̀tí sílẹ̀ fún un.
Ó gbá erùpẹ̀ sínú rẹ̀, ó nàró, ó di ìbàdí mú,
ó sì wí, kì í ṣe fún mi:
“Àmín.
Ó pẹ́ díẹ̀. Má bínú.”