Ewé Mẹ́jọ Nínú Kàlẹ́ńdà

Tísà Ọlọ́runnípa ní kí wọ́n kó ewé mẹ́jọ wá ní Mọ́ńdè,
kí wọ́n kọ ìrísí ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀, lédè tiwa.
Ibidùn tò wọ́n sáàárín kàlẹ́ńdà ìjọ,
ó fi ọmọ ọlọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
Nígbà tó dalẹ́, ó kó wọn tọ ìyá mi lọ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsánlú,
ìyá tí ojú rẹ̀ ti ṣú láti ìgbà tí kọfí ṣì lówó lórí.

Ìyá nu ọwọ́ sí ìró,
ó fi àtàǹpàkò tọ etí ewé lọ, ó tọ́ ọ bọ̀.
"Àbàfẹ̀. Pátákò màlúù.
Kọ ọ́ báyìí: ó là lórí, kò là délẹ̀."
Kajú: "Ìgbakọ. Orí gbòòrò, ìdí tín-ín-rín."
Dóńgóyárò: "Eyín ayùn, ayùn tó ti ń kú."
Kókò etí odò: "Agboòrùn. Àyà ni ọ̀pá rẹ̀ ti jáde, kì í ṣe etí."
Bírò ń gbẹ, ọmọ náà ń mí sí i lẹ́nu.

Ó kan ewé iṣu.
"Màmá, ìwé wa ní bí ọkàn ló rí."
"Ọkàn ta ni? Ta ló yọ ọ́ wò?
Kọ pé ó rí bí ewé iṣu.
Ẹni tí kò bá mọ ewé iṣu, kí ló fẹ́ fi ọkàn ṣe?"

Èyí tó kẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ahọ́n kàn án.
"Oṣè ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ewé."
"Ewé ni, Màmá."
"Ọmọ ewé ni. Méje wọn ló ń so mọ́ ọ̀pá kan,
àwọn méjèèje ló ń jẹ́ ewé ẹyọ kan.
Ẹ já èyí kúrò níbi tó wà.
Ìyá rẹ̀ dà?"

Kò sẹ́ni tó fèsì.
Mo ń tún okùn àpò kajú so, okùn tí kò tú.
Ọdún kẹta rèé tí ìyá Ibidùn ti wà ní Lọ́kọ́ja,
tó ń sọ lórí fóònù pé, "Oṣù tó ń bọ̀."

Ọmọ náà mú tọ́ọ̀ṣì.
A gbọ́ sílípáàsì rẹ̀ títí dé ìdí oṣè kékeré ẹ̀yìn ilé ìjọsìn.
Ọ̀pá tó ti já a lọ́sàn-án gan-an ló já bọ̀.

Ìyá kà á: mẹ́fà.
Ó tún un kà.
Ó mú ọmọ ewé tó ti ń gbẹ lórí itan rẹ̀,
ó fi í sí àlàfo. Kò lẹ̀ mọ́ ọn.
Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.
"Kọ ọ́," ó ní. "Méje."