Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n

Alága, ẹ má bínú, màá jókòó kí n tó sọ̀rọ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni orúnkún mi ti gun àtẹ̀gùn Agodi yìí,
ẹ̀ẹ̀mẹfà náà ni ẹ sún un síwájú:
lọ́jọ́ kan kò síná,
lọ́jọ́ kan akọ̀wé yín lọ sìnkú ní Ìṣẹ́yìn,
lọ́jọ́ kan fáìlì sọnù, wọ́n tún rí i,
ewé àárín ti di àwátì.
Mo mú ìwé tèmi dání lónìí.

Fọlárànmí Ọ̀pàdòkun ni mí,
sítókíìpà ọsibítù yín fún ọdún mọ́kànlélógún.
Kọ́kọ́rọ́ méje ni mo ń so mọ́ bẹ́líìtì,
ìró wọn làwọn nọ́ọ̀sì fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ìwé ìjọba ń bẹ níwájú yín.
Ó ní ogójì àgbá ọ́síjìn wọlé lásìkò ọyẹ́.
Ọwọ́ mi ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, bírò búlúù.
Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣí èyí, ìwé ọgọ́ta ojú-ewé
tí mo rà ní Ọjà'ba, tí epo mọ́ín-mọ́ín ta sí lẹ́yìn:
mọ́kànlá ni mo kọ síbẹ̀.
Mọ́kànlá ló sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì.
Mo fọwọ́ kan ọrùn wọn níkọ̀ọ̀kan,
bí èèyàn ṣe ń ka ewúrẹ́ wọlé lálẹ́.
Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: “Bàbá, buwọ́ lù ú, ìyókù ń bọ̀ lọ́la.”

Alága, mo buwọ́ lù ú.
Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun.
Àbíkẹ́yìn mi ń wáṣẹ́ nígbà náà. Ọ̀gá mọ̀.

Ọ̀la ọ̀hún ò tíì mọ́ títí dòní.

Lóru ọjọ́ kan, àgbá tó kẹ́yìn tán.
Dókítà kan, ọmọdébìnrin, sáré wá kanlẹ̀kùn mi lẹ́sẹ̀ lásán:
“Bàbá, ìwé ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣẹ́kù. Ibo ló wà?”
Mo di kọ́kọ́rọ́ méjèèje mú.
Kò sí ilẹ̀kùn tí wọ́n lè ṣí.

Obìnrin tó fara ti ògiri lẹ́yìn yẹn,
Ṣìjúwọlá, kò tíì fọhùn rí nínú yàrá yìí.
Aṣọ iléèwé ló ń rán ní Ìdí-Arẹrẹ, fún ọmọ ọlọ́mọ.
Káàdì àjẹsára ló wà nínú ọ̀rá tó dì mú:
abẹ́rẹ́ mẹ́rin ti wọlé, wọ́n ti dá ọjọ́ fún ìkarùn-ún.
Ẹ má bi í ní nǹkan kan. Èmi ni kí ẹ bi.

Nígbà tí mo wà léwe lÓkè Ààrẹmọ, a máa ń ké e:
Ìbàdàn, níbi olè gbé ń jàre olóhun!
A ó lu àyà, a ó rẹ́rìn-ín. Oríkì wa ni.
Mi ò mọ̀ pé olóhun lè jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án,
pé ohun tí wọ́n jí lè jẹ́ èémí.

Lọ́yà wọn ní ìwé mi ò ní òǹtẹ̀.
Òótọ́ ni. Epo mọ́ín-mọ́ín ló ní.
Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara àgbá kọ̀ọ̀kan ń bẹ níbẹ̀, mọ́kànlá pé.
Ẹ ní kí kọ́ńtíráátọ̀ ka mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yòókù sókè.
Ẹ ṣáà bi í.
Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ máa wò ó lójú.

Tí ẹ bá fẹ́ mú mi, ilé mi ò fara sin,
ẹ béèrè bàbá oníkọ́kọ́rọ́ ní Òkè-Àdó.
Ẹ má kàn mú èmi nìkan.

Akọ̀wé ti ń wo aago.
Ẹ tún fẹ́ sún un síwájú, àbí?
Ẹ dá ọjọ́. Màá wá.
Òun náà á wá.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a wá àga.