Àmì Abẹ́ Lẹ́tà

Aṣọ ìbora ni Ọ̀gá Ṣówándé fi wé e wá sọ́dọ̀ mi
ní Ṣómólú, lẹ́yìn ilé àwọn tó ń gé pépà.
Kọ̀ǹpútà kékeré, ojú àti ikùn nínú àpótí kan ṣoṣo,
ó ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń mu tábà.
"Múníràtù, ọdún mọ́kànlélógún ló ti dákẹ́.
Má sọ fún mi pé kí n lọ ra tuntun."
Mi ò sọ ọ́. Mo kàn bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀.
Ó ní, "Àmì."

Nígbà tí ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ dé, kò mọ e yàtọ̀ sí ẹ.
Ìwé ìpè ìgbéyàwó á jáde,
Ọmọ́ṣaléwá á di Omosalewa,
ṣọ́ọ̀ṣì á di sosi.
Àwọn ọmọṣẹ́ á tò sórí bẹ́ǹṣì, báírò lọ́wọ́,
wọ́n á máa tọ́ àmì sábẹ́ ẹgbẹ̀rún ìwé di ìdájí;
ẹni tó bá tòògbé,
àmì tirẹ̀ á bọ́ sábẹ́ lẹ́tà tí kò bẹ̀ ẹ́.
Ló bá fi oṣù mẹ́jọ ya lẹ́tà tirẹ̀ sójú gíláàsì,
ẹyọ, ẹyọ, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.
Kò fi ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn.
Ta ló mọ̀ nígbà náà pé irin náà ń kú?

Láàárọ̀ a tanná sí i wò:
ìlà funfun kan, gbọọrọ, láàárín òkùnkùn.
Ìdè méjì sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ibi tí a fi ń gbé e,
jíjìn bí ìdí ìgò; sukudiráfà mi kankan ò débẹ̀.
Kásálì, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi, rin ọ̀pá irin kan títí ó fi wọlé.
Bí àpótí ti ṣí báyìí, ó fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.
Mo gbá a lọ́wọ́.
Gíláàsì yìí, bí a tilẹ̀ ti paná rẹ̀,
iná ṣì lè sùn sínú ikùn rẹ̀, kì í kìlọ̀.
Mo kó ọwọ́ òsì sẹ́yìn bí ẹni tó fi owó àjọ pamọ́,
mo ti irin bọ abẹ́ rọ́bà ìdí rẹ̀.
Tá!
Kásálì ò tún bi mí ní ìbéèrè kankan di ọ̀sán.

Òjé ti sán yí ẹsẹ̀ wáyà ká, tín-ín-rín;
mo yọ́ tuntun lé e, ìlà náà là, ó di ojú,
ṣùgbọ́n ojú dúdú-funfun, dúdú-funfun, bíi pátákó dúráfù.
Àwọn kapásítọ̀ ló ti su omi sórí pátákó,
ó ń rùn bí ẹja ọjọ́ mẹ́ta.
Omi ọsàn wẹ́wẹ́. Búrọ́ṣì ìfọyín. Oòrùn.
Ọ̀nà bàbà kan ti jẹ tán, mo fi wáyà bí irun dá afárá fún un.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n múná lọ kí n tó jó ẹsẹ̀ kan tán.

Díìsì rẹ̀ kọ̀, kò yí.
Mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́rẹ́,
bí a ti ń jí ọmọ tó ní ìdánwò láàárọ̀.
Ó kérora. Ó yí.

Ọ̀gá Ṣówándé fa àga mọ́ra.
Kò kọ orúkọ ara rẹ̀,
kò kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti lọ.
Ó kọ ṣọ́ọ̀ṣì.
Ó gbé ojú sún mọ́ gíláàsì títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.
Mo ń retí kó dúpẹ́.
"Àmì abẹ́ ọ yìí," ó ní, "ó sún sápá òsì.
Láti ọdún yẹn ni mo ti fẹ́ tún un ṣe.
Eku rẹ̀ dà?"

Kásálì tẹ̀ba, ó ń wo abẹ́ tábìlì.