Tútù Ni Kí Ẹ Bá A

Ilẹ̀ mi lókè Racha dà gẹ̀rẹ́ bí òrùlé.
Ọ̀dùnkún tó bá já bọ́ lọ́wọ́ mi lókè,
ọgbà àjàrà aládùúgbò ló ń lọ sùn.
Ilẹ̀ náà kò tóbi;
ẹ̀yìn mi ni kò tó o mọ́.

Makvala ìyàwó mi wà ní Bari,
ọdún kẹta rèé tó ń wẹ ìyá oníyàá,
tó ń yí wọn padà lórí ibùsùn lóru,
tó ń fowó ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń rọ omi sínú agbè ọlọ́rùn tóóró.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lárì ló pé sínú agolo tíì.
"Ra katakata," ó ní, "kí n má wá bá ọ ní títẹ̀."

Ní Kutaisi, pupa kan ni mo kọ́kọ́ rí.
Háà! Ọ̀dà ara rẹ̀ ń kọ mọ̀nà,
táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ga dé èjìká mi.
Badri tó ń tà á ń pọ́n ọn bí ẹni ń wá ọkọ fọ́mọ:
"Agbára ẹṣin ọgọ́rin!"

Mo rántí Zurab.
Òun náà ra gíga, ó ra alágbára,
ó gbé e gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ gé koríko.
Kòtò kan tí kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ
ni táyà ìsàlẹ̀ kó sí.
A gbọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀ṣì: gbìrìgbìrì, gbàà,
lẹ́yìn náà, ajá kan kò gbó.
Òkè kì í béèrè iye ẹṣin.
Ibi tí ìwúwo jókòó sí ló ń béèrè.

Búlúù kan wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri,
ó kúrú, ó yasẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbé àpò sìmẹ́ńtì.
Ìpẹta ti jẹ ẹ́ létí,
àpò ìrẹsì ni wọ́n fi di ìjókòó rẹ̀.
Ṣùgbọ́n irin ààbò wà lókè orí awakọ̀,
ẹnì kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ jó o.
Mo gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Ó gbóná.
"Ta ló ti tan án kí n tó dé?"
Badri ń wo bàtà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra àlòkù, ẹ gbọ́:
ẹ́ńjìnnì gbígbóná, àlejò tó ti mutí ni,
kò sí ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ.
Tútù ni kí ẹ bá a.

Inú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mo sùn.
Kùtù hàì, ìrì dídì lórí koríko,
mo gbọ́wọ́ lé irin, ó tutù bí ẹsẹ̀ òkú.
"Tan án."
Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́.
Èéfín funfun yọ, ó dúró díẹ̀, ó lọ.
Èéfín búlúù ni mò ń bẹ̀rù; n kò rí i.
Mo gbé e gun òkìtì iyanrìn, mo dorí rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀,
jíà kìíní, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí gbogbo nǹkan:
ó ń sọ̀ bí àgbà tó di ọ̀pá mú.
Mo wá tẹ bíréékì. Tòsì mú; tọ̀tún ń ronú.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lárì ni mo yọ nídìí ìrònú yẹn.
Badri bú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó gbà.

Nígbà tí mo délé, Tsiuri, opó Zurab, yà wá.
Kò kí mi. Ó fọwọ́ méjèèjì di irin ààbò mú,
ó mì ín, ó tún mì ín,
ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Lálẹ́, Makvala pè.
Kò béèrè àwọ̀, kò béèrè iye.
"Bíréékì rẹ̀ ńkọ́?"
"Tòsì ń mú."
"Tọ̀tún ńkọ́?"
Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, arúgbó kan ń pè é
ní èdè tí n kò gbọ́.
Ó ní, "Dúró dè mí,"
mo sì dúró.